Mọ́nítọ̀ wo ló yẹ ẹni tó ń ya fídíò ẹyẹ àti ẹranko igbó?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, fídíò ẹyẹ àti ọ̀bọ ni mo ń yà, pàápàá nínú igbó IITA àti ní Lekki Conservation Centre. Sony A7 IV ni mò ń lò pẹ̀lú lẹ́ǹsì 200-600mm. Tí oòrùn bá ti mú, n kì í rí nǹkan gidi lójú kámẹ́rà mọ́. Ìgbà tí mo bá délé ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé fókọ́ọ̀sì ti lọ sára ewé, tàbí pé lékeléke ti funfun débi pé ìyẹ́ ara rẹ̀ ò hàn rárá. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ fún mi ní kí n ra mọ́nítọ̀ 4K tó jẹ́ íǹṣì méje, pé fídíò mi á mọ́ kedere. Ẹlòmíì ní èyí tó ń gba fídíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí n rà. Èwo ni kí n ṣe?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń tajà sọ. Mọ́nítọ̀ kì í mú fídíò mọ́. Lẹ́ǹsì àti sensor kámẹ́rà ló ṣe àwòrán tó wọ inú káàdì yín. Ẹ̀dà rẹ̀ lásán ni mọ́nítọ̀ ń gbà láti ojú HDMI (ihò tí fídíò ń gbà jáde lára kámẹ́rà), tó sì ń fi hàn yín. Dígí ni. Dígí kì í báni bọ́jú, ó kàn lè fi ibi tí ìpin kù sí hàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ìpin ojú ara rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ nù ún? Ibẹ̀ ni mọ́nítọ̀ ti wúlò fún yín, torí pé ẹ̀dùn ọkàn yín méjèèjì, ti fókọ́ọ̀sì àti ti lékeléke, orísun kan náà ni wọ́n ti wá: ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà ń parọ́ fún yín, ẹ sì ń gbà á gbọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ fi ra mọ́nítọ̀ ni pé, èwo ló máa sọ òótọ́ fún mi nínú igbó, lọ́sàn-án gangan, kí ẹyẹ tó fò lọ?

"4K" tó wà lára páálí náà ńkọ́? Lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mọ́nítọ̀ kékeré, ohun tó ń wí ni pé mọ́nítọ̀ náà lè gba àwòrán 4K wọlé. Ojú rẹ̀ gan-an, píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán) 1920 × 1080 ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó dà bí onílé tó ní ilé òun gba ọgọ́rùn-ún àlejò, tí àga tó wà ńlẹ̀ kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye àga, resolution ojú rẹ̀, ìyẹn iye píksẹ́lì rẹ̀, ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe irú àwòrán tó ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ àga yìí dáadáa, nítorí òun ló máa jẹ́ kí ẹ rí bí fókọ́ọ̀sì ṣe ń tàn yín jẹ. Fídíò 4K ní píksẹ́lì 3840 ní ìbú. Ojú ẹ̀yìn A7 IV jẹ́ íǹṣì 3, dot mílíọ̀nù 1.03 ló wà níbẹ̀, dot mẹ́ta ló sì ń para pọ̀ di píksẹ́lì kan. Tí ẹ bá pín in, ìbú ojú náà kò ju píksẹ́lì 720 lọ. Ìyẹn ni pé píksẹ́lì kan tí ẹ ń wò níbẹ̀ ń ṣojú fún bíi 28 nínú fídíò. Viewfinder yín, ihò tí à ń fi ojú kan wò lẹ́yìn kámẹ́rà, ní píksẹ́lì 1280 ní ìbú, ọ̀kan ń ṣojú fún 9. Mọ́nítọ̀ 1920 × 1080, ọ̀kan ń ṣojú fún 4. Ẹyẹ tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ fi díẹ̀ yẹ̀ á mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn lójú íǹṣì 3, nítorí pé ibi tó yẹ̀ náà ti sọnù sínú píksẹ́lì kan ṣoṣo. Díẹ̀ yẹn sì lágbára o. Ní 600mm àti f/6.3 (f ni bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), tí ẹyẹ bá wà ní mítà 10, gbogbo ibi tó mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, ó tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé tó wà ní ìwọ̀n apá kan níwájú ẹyẹ ti tó láti gba fókọ́ọ̀sì lọ, kí ẹ má sì mọ̀ títí ẹ ó fi délé.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan nínú ìṣirò yìí: kò sí ibi tí íǹṣì 5 tàbí 7 ti wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, méjèèjì, 1920 × 1080 ni. Tí ẹ bá dúró ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 45 sí mọ́nítọ̀, píksẹ́lì íǹṣì 5 tóbi tó nǹkan bíi 0.06mm, ti íǹṣì 7 tó bíi 0.08mm, bẹ́ẹ̀ ojú èèyàn kì í sábà dá ohun tó bá kéré ju 0.13mm lọ mọ̀ láti ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Íǹṣì 7 máa ń tu ojú lára, òótọ́ ni, ó sì dára bí ẹni méjì bá jọ ń wò ó. Ṣùgbọ́n iye píksẹ́lì kan náà ló ń fi hàn; bí ẹ bá sún mọ́ íǹṣì 5 díẹ̀ sí i, ohun kan náà lẹ ó rí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù níta ni bí ojú mọ́nítọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Nit ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára nǹkan; oòrùn ọ̀sán gangan tó bíi lux 100,000. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá dá ìdá 2 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ yẹn padà sí yín, èyí tó dá padà nìkan ti lé ní nit 600. Òun ló ń bo dúdú inú àwòrán, tí gbogbo rẹ̀ fi ń rí bí eérú. Mọ́nítọ̀ tó jẹ́ nit 400 tàbí 500 kò lè bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jà, inú ilé ni wọ́n ṣe é fún. Nit 1000 lábẹ́ oòrùn tààrà, ẹ ó rí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ojú ẹyẹ. Láti nit 2000 sókè lèèyàn tó lè dúró ní gbangba kó má bo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́: lábẹ́ igi, ìmọ́lẹ̀ lè wálẹ̀ sí lux 10,000 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, èyí tí mọ́nítọ̀ ń dá padà á wá di nit 60 péré. Níbẹ̀, nit 1000 ti pọ̀ tó. Ìbòrí onírọ́bà tàbí aláṣọ tí wọ́n ń fi yí mọ́nítọ̀ ká ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà tí igi ń ṣe, kò sì wọ́n. Nit 1000 tó ní ìbòrí sàn ju nit 2000 tí oòrùn ń lù láìsí ààbò. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ pàápàá, ẹ lọ sínú menu kámẹ́rà yín, ẹ wá Monitor Brightness, ẹ yí i sí Sunny Weather. Ó ń jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti ń lo A7 IV fún ọdún méjì tí wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nit yìí kan náà ló jó lékeléke yín. Nígbà tí oòrùn bá mú, àwòrán máa ń ṣú lójú kámẹ́rà, ẹni tó ń yà á á rò pé fídíò ló ṣú, á ṣí f tàbí kó gbé ISO (agbára tí kámẹ́rà fi ń mú àwòrán mọ́lẹ̀) sókè títí àwòrán á fi dára lójú rẹ̀. Fídíò kò ṣú tẹ́lẹ̀. Ojú kámẹ́rà ló ṣú. Lékeléke tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà, torí òun ló funfun jù nínú pápá. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ní ìdájí nínú igbó, mọ́nítọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an á jẹ́ kí àwòrán tó ṣókùnkùn dà bí èyí tó tó, ẹ ó yà á sínú òkùnkùn, tí ẹ bá wá gbé e sókè nílé, ariwo (àwọn àmì wínníwínní tó ń ba àwòrán jẹ́) á bo gbogbo rẹ̀. Nítorí náà mọ́nítọ̀ olówó ńlá náà ń parọ́ bí ẹ bá ń fojú lásán díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Ohun tí kì í parọ́ ni zebra (ilà tó ń bo ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù), waveform (àtẹ tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn láti òsì dé ọ̀tún àwòrán) àti false colour (àwọ̀ tó ń dúró fún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan), nítorí nọ́ńbà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe bí ó ṣe rí lójú.

Zebra wà nínú A7 IV yín, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ń ya fídíò lásán láìlo log (ọ̀nà ìyàwòrán tó ń rí ràkọ̀ràkọ̀, tí à ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe nílé), ẹ gbé e sí 95, kí ẹ sì rí i pé kò sí ilà kankan lára lékeléke. Bí S-Log3, log ti Sony, lẹ ń lò, eérú àárín wà ní 41%, páálí funfun wà ní 61%, ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ wà ní bíi 94%. Ẹ fi zebra sí 90 nígbà náà. Ohun tí mọ́nítọ̀ fi lé e ni waveform àti false colour, wọ́n sì ṣe pàtàkì fún ẹyẹ ju fún èèyàn lọ. Histogram, àtẹ tó ń ka iye ibi tó ṣú àti ibi tó mọ́lẹ̀, máa ń da gbogbo àwòrán pọ̀. Lékeléke kan nínú pápá tútù kò ju ìdá díẹ̀ lọ, òkìtì kékeré rẹ̀ ní ìgun ọ̀tún lè má tilẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n waveform ń tẹ̀ lé ìbú àwòrán: bí ẹyẹ bá wà lápá òsì, ẹ ó rí ṣóńṣó kan tó gùn lápá òsì, ẹ ó sì mọ̀ pé òun ni. Fún ọ̀bọ mona ní Lekki, tí ojú rẹ̀ ṣú tí ojú ọ̀run sì funfun lẹ́yìn rẹ̀, false colour ló yá jù: ẹ ó rí àwọ̀ tó bọ́ sí ojú ọ̀bọ, ẹ ó sì pinnu bóyá ẹ fẹ́ fi ojú ọ̀run rúbọ. Nǹkan kan tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀: bí ẹ bá gbé LUT (àtúnṣe àwọ̀ tó ń mú log dà bí fídíò lásán) sórí mọ́nítọ̀ kí S-Log3 má baà rí ràkọ̀ràkọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá waveform ń ka àwòrán kí LUT tó kàn án ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí kò bá a mu mọ́.

Ní ti fókọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n fi ń ta mọ́nítọ̀ jù ni peaking, ìyẹn àwọ̀ tó ń yọ létí ohun tó bá mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe ojú èèyàn nínú yàrá. Etí ewé àti koríko gbígbẹ máa ń mú peaking tàn káàkiri, ara ẹyẹ tó jẹ́ dúdú kan ṣoṣo kì í sì í tàn púpọ̀. Ẹ dín agbára rẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀, kó má baà jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló ń sọ pé òun mọ́. Nínú òkùnkùn igbó, tí ISO bá ti ga, ariwo inú àwòrán náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bí ẹni pé fókọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀; kò sí níbẹ̀. Àwọ̀ tí ẹ yàn náà tún ní ọ̀rọ̀. Pupa ni ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ máa ń bá wá láti ilé iṣẹ́. Ẹyẹ Ibadan malimbe tí gbogbo ayé ń wá wò nínú igbó IITA, dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ ló pupa. Ẹ fi peaking pupa sí i kí ẹ wo bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ìyẹ́ àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mọ́nítọ̀. Búlúù ni kí ẹ lò. Àwọ̀ ewé náà kò dára, ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Ohun tó dájú ju peaking lọ ni kí ẹ fẹ àwòrán tóbi, kí ẹ wo ojú ẹyẹ gan-an, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí àyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 1080p ni kámẹ́rà ń fi ránṣẹ́ sí mọ́nítọ̀, fífẹ̀ tí mọ́nítọ̀ ń fẹ̀ ẹ́ kò lè yọ ohun tuntun jáde, píksẹ́lì kan náà ló ń sọ di ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wúlò, 4K ni kí kámẹ́rà tú jáde, mọ́nítọ̀ yóò sì fi apá kan rẹ̀ hàn ní 1:1, píksẹ́lì kan fún píksẹ́lì kan. Fífẹ̀ tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń fẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó tẹ record máa ń tó náà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé A7 IV lè tọ ojú ẹyẹ lẹ́yìn nínú fídíò, ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò lè ṣe. Bí ẹyẹ bá wà ní gbangba, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹyẹ bá wà láàárín ẹ̀ka, ẹ yí i sí ọwọ́, torí ẹ̀ka tó wà níwájú ló máa ń gbá mú. Nínú menu, ẹ wo HDMI Info. Display: bí ó bá wà ní On, àpótí fókọ́ọ̀sì àti àwọn nọ́ńbà á hàn lórí mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ Sony, ojú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á kú, bí ó bá wà ní Off, àwòrán mímọ́ ni mọ́nítọ̀ á rí, ẹ kò sì ní mọ ibi tí kámẹ́rà fi fókọ́ọ̀sì sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ra mọ́nítọ̀ tán, á wá máa bínú pé AF òun (fókọ́ọ̀sì tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀) ti bàjẹ́. AF kò bàjẹ́, Off ló wà.

Mo wá dé orí ohun tí ẹni tó ń tajà kì í sọ rárá: mọ́nítọ̀ máa ń lọ́ra. Àwòrán ní láti jáde nínú kámẹ́rà, kó gba wáyà kọjá, kí mọ́nítọ̀ tún un ṣe kó tó hàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba ìdá 0.12 ìṣẹ́jú àáyá, ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ń fò ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti rin mítà 1.2 kí ẹ tó rí i. Ní 600mm, tí ẹyẹ bá wà ní mítà 30, gbogbo ìbú àwòrán yín kò ju mítà 1.8 lọ. Ẹyẹ tí ẹ ń rí láàárín mọ́nítọ̀ ti jáde kúrò nínú àwòrán. Fún ẹyẹ tó ń fò, ẹ máa lo viewfinder. Òun náà ń lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í tó ti mọ́nítọ̀. Oòrùn kì í wọ inú rẹ̀. Iwájú orí yín tó fara ti kámẹ́rà sì ń bá yín di lẹ́ǹsì mú. Mọ́nítọ̀ wà fún ẹyẹ tó bà, fún ìtẹ́, fún ọ̀bọ tó ń jẹun, fún ẹni tó jókòó sínú àtíbàbà wákàtí mẹ́ta tí kò lè tẹ ọrùn sẹ́yìn kámẹ́rà ní gbogbo ìgbà yẹn, àti fún kámẹ́rà tí a gbé sún mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wo viewfinder ní láti dojú bolẹ̀.

Ibi tí ẹ máa so ó mọ́ ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Orí hot shoe, ibi tí wọ́n ń so fíláàṣì mọ́ lókè kámẹ́rà, ni gbogbo ayé ń fi í sí. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24mm, kò sí wàhálà. Pẹ̀lú 600mm, mọ́nítọ̀ tó wà lókè kámẹ́rà pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ di ìgbòkun. Atẹ́gùn díẹ̀ á mì ín, ìmìtìtì náà á wọ inú fídíò. Bí ẹ kò bá ní máa tọ ẹyẹ kiri, ẹ fi apá onírin so ó mọ́ ẹsẹ̀ tripod, kí ẹ fi wáyà sílẹ̀ ní gbọ̀ọ̀rọ̀ tó fi lè bá kámẹ́rà yí. Bí ẹ bá ń yí kámẹ́rà púpọ̀, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ orí tripod kó máa bá yín lọ. Ihò 1/4 íǹṣì kan ṣoṣo máa ń yọ̀, mọ́nítọ̀ á wá máa yí fúnra rẹ̀. Èyí tó ní pínnì kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà dára jù. Íǹṣì 5 tó wọn bíi gíráàmù 200 rọrùn láti so; íǹṣì 7 pẹ̀lú bátìrì ńlá á ní kí ẹ tún gbogbo ìwọ̀n orí tripod ṣe. Ní ti ihò HDMI, orí yín sunwọ̀n: A7 IV ní èyí tó tóbi. Àwọn tó ní micro HDMI ló mọ ohun tí ojú wọn rí, torí ihò kékeré yẹn máa ń ṣẹ́ bí wáyà bá há mọ́ ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ẹ ra ohun tó ń di wáyà mú lára kámẹ́rà, kí ẹ sì lo wáyà tó rọ̀, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ.

Bátìrì ni ìnáwó tó ń fara pamọ́. Irú NP-F ni ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ń lò. Ẹ má wo mAh, Wh, ìyẹn iye iná tó wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ wò: NP-F550 tó bíi Wh 16, NP-F970 tó bíi Wh 47. Bí mọ́nítọ̀ bá ń mu W 10, F550 á gbé e fún wákàtí kan àtààbọ̀, F970 á gbé e fún bíi mẹ́rin àtààbọ̀. Bó bá ń mu W 20, bí ọ̀pọ̀ íǹṣì 7 tó mọ́lẹ̀ gan-an ṣe máa ń mu, ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. W náà wà lára páálí tàbí lẹ́yìn mọ́nítọ̀. Bátìrì ayédèrú máa ń kọ mAh tó wù ú. Bí F970 bá fúyẹ́ bí F550 lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Ẹ ra méjì ó kéré tán, ẹ sì gba chárjà tó lè lo USB-C láti inú mọ́tò tàbí power bank, ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí. Mọ́nítọ̀ kì í sábà ní ààbò omi bíi kámẹ́rà, eruku ọyẹ́ sì máa ń wọ àwọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rá àti aṣọ gbígbẹ nínú báàgì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní ìdájí, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù pátápátá kí ẹ sì fi ìbòrí sí i; ojú èèyàn tó ń tàn nínú igbó lè lé ẹranko.

Ní ti mọ́nítọ̀ tó ń gba fídíò sílẹ̀, bíi Atomos Ninja tàbí Blackmagic Video Assist: fún ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ń gba 8-bit nìkan sílẹ̀ (ìpele àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti 10-bit), tàbí tó lè tú RAW (fídíò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) jáde, ó tọ́ kó rà á. A7 IV ń gba 10-bit 4:2:2 sínú káàdì tẹ́lẹ̀, kì í sì í ti HDMI tú RAW jáde, nítorí náà ohun tí ẹ máa jèrè kéré. ProRes 422 HQ, irú fáìlì tí àwọn mọ́nítọ̀ yìí ń gbà sílẹ̀, ní 4K, fírémù 25, ń jẹ bíi GB 330 ní wákàtí kan. XAVC S oní-140 Mbps inú kámẹ́rà yín ń jẹ bíi GB 63. Ẹ fojú inú wo wákàtí mẹ́ta tí ẹ ń dúró de ẹyẹ. Àwọn kan tún ní fáànù, maikírófóònù á gbọ́ ọ. Ohun kan tó lè mú mi yí ọkàn padà ni pre-roll: àwọn kan lára wọn ń tọ́jú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó ṣáájú kí ẹ tó tẹ record. Fún ẹyẹ tó ń fò kúrò lórí ẹ̀ka láìsọ fúnni, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yín, ẹ rò ó wò. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Nítorí náà, fún yín: íǹṣì 5, nit 1000 ó kéré tán, tó ní waveform àti false colour, tí kò ní fáànù, pẹ̀lú ìbòrí. Atomos Shinobi tó jẹ́ íǹṣì 5.2 wà ní ìsọ̀rí yìí, nit 1000 ni, kò sì ń gba fídíò sílẹ̀. Bí pápá gbangba bá ti ń pọ̀ ju igbó lọ nínú iṣẹ́ yín, nit 2000 sókè ló kàn: FeelWorld LUT7 jẹ́ nit 2200 ṣùgbọ́n íǹṣì 7 ni, ẹ sì ti mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ, SmallHD Ultra 5 jẹ́ nit 3000, owó rẹ̀ sì ju ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé kámẹ́rà yín dání, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí ẹ gbé e jáde síta ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí aṣọ dúdú kan àti áńkáṣíìfù funfun, kí ẹ wò bóyá dúdú ṣì dúdú, bóyá ẹ ṣì rí ìṣẹ́po funfun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù tí stopwatch ń sáré lórí rẹ̀ síwájú kámẹ́rà, ẹ fi fóònù kejì ya fọ́tò kan tí stopwatch àti ojú mọ́nítọ̀ á jọ wà nínú rẹ̀. Bí stopwatch bá kọ 12.48 tí ti mọ́nítọ̀ kọ 12.36, ìdá 0.12 ló fi ń lọ́ra. Ẹ yà á bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, torí nọ́ńbà ojú fóònù náà máa ń fò.

Àwọn nǹkan kan wà tí mọ́nítọ̀ kankan kò ní bá yín ṣe. Bí ẹ bá ń ya ẹyẹ tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà lórí ilẹ̀ gbígbóná ní aago méjìlá, ooru tó ń gòkè láti ilẹ̀ á máa mì àwòrán bí omi, peaking á sì sọ pé ó mọ́. Àfi kí ẹ sún mọ́ ọn tàbí kí ẹ padà wá ní aago méje àárọ̀. Afárá orí igi ní Lekki, mítà 401, ń mì bí ẹnikẹ́ni bá ń rìn lórí rẹ̀. 600mm kò lè fara dà á. Bí ẹ bá sì ń ya S-Log3 ní ISO 800, f/6.3 àti 1/50 nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ náà á ju agbára kámẹ́rà lọ ní ìpele mẹ́fà sí méje. Filter ND64 tàbí ND128, dígí dúdú iwájú lẹ́ǹsì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ló ń tán ìyẹn, ti lẹ́ǹsì yín sì jẹ́ 95mm, kò sì ṣeé rí níbi gbogbo.

Kí ẹ tó san owó, ẹ yá mọ́nítọ̀ fún ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Ẹ wá ẹ̀ka kan tí àwọn ẹ̀gà máa ń bà lé, ẹ ya ogún fídíò kúkurú, mẹ́wàá pẹ̀lú viewfinder àti mẹ́wàá pẹ̀lú mọ́nítọ̀, lọ́sàn-án kan náà. Nílé, ẹ gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà ní 100%, ẹ wo ojú ẹyẹ nìkan, ẹ ka iye tó mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí iye méjèèjì bá sún mọ́ra, owó mọ́nítọ̀ yẹn, ẹ fi ra filter ND àti orí tripod tó dára.